Ta Ló Kọ Ìwé Tí Ò Ń Kà? Ìtàn Ben Hogan, Akọ̀wé Gọ́ọ̀fù

Nígbà tí olóòtú ní kí ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan sí abala yìí mú ìtàn ayé ẹni ńlá kan tó ti di olóògbé wá, mo mọ̀ pé orúkọ Fágúnwà, Awólọ́wọ̀ àti Odòlayé Àrẹ̀mú ni yóò pọ̀ jù. Èmi mú òyìnbó Amẹ́ríkà kan tó ń gbá gọ́ọ̀fù wá. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Nínú ilé tí mo gba yàrá sí ní Ṣàngó, nílùú Ìlọrin níbí, bàbá àgbàlagbà kan wà tí gbogbo ọgbà ń pè ní Bàbá Onígọ́ọ̀fù. Ọ̀pá gọ́ọ̀fù onírin àtijọ́ kan ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀. Kàdúná ni wọ́n gbé nígbà ọ̀dọ́ wọn, iṣẹ́ káádì ni wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ń bá àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ru àpò ọ̀pá káàkiri pápá. Ọ̀gá kan tí wọ́n máa ń ru àpò fún ló fún wọn ní ìwé kan kó tó padà sí ìlú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìwé náà ti já, ojú ewé rẹ̀ ti pọ́n, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán inú rẹ̀ ṣì mọ́ kedere: ọwọ́ tó di ọ̀pá mú, ìbàdí tó ń yí, iṣan apá tó yọ bí okùn. Orúkọ ìwé náà ni Five Lessons: The Modern Fundamentals of Golf. Ben Hogan ló kọ ọ́, ọdún 1957 ló jáde.

Ní ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ kan, mo yá ìwé yìí lọ́wọ́ Bàbá. Mo kà á tán lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yá mi ní ọ̀pá kan àti bọ́ọ̀lù mẹ́fà, mo sì ń lọ sí ilẹ̀ gbalasa kan tí wọn kò tíì kọ́lé sí, níbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹko. Ohun tí ìwé wí ni mo ń ṣe. Mo di ọ̀pá mú bó ṣe ní kí n dì í mú. Mo dúró bó ṣe ní kí n dúró. Àmọ́ bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù, á lọ síwájú díẹ̀, á wá yà bàrá sí ọ̀tún, á wọ inú igbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń wá bọ́ọ̀lù nínú koríko. Bí mo ṣe ń tẹ̀ lé ìwé náà sí i ni nǹkan ń burú sí i.

Mo gbé ẹjọ́ ìwé náà lọ bá Bàbá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n bi mí bóyá mo mọ ẹni tó kọ ìwé tí mo ń kà. Mo ní mo mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní orúkọ kọ́ ni àwọn ń bi mí. Wọ́n ní kí n jókòó. Ìtàn tí wọ́n sọ fún mi lọ́jọ́ náà, tí mo sì tún lọ wádìí fúnra mi lẹ́yìn náà, ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ọjọ́ 13, oṣù kẹjọ, ọdún 1912 ni wọ́n bí Ben Hogan ní Stephenville, ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìlú kékeré kan nítòsí ibẹ̀ tó ń jẹ́ Dublin ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni Chester, bàbá rẹ̀. Nígbà náà, ẹṣin ló ń bọ́ alágbẹ̀dẹ, nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú títì, iṣẹ́ náà ń kú lọ. Ìdílé náà kó lọ sí Fort Worth. Ní oṣù kejì ọdún 1922, bàbá náà yìnbọn pa ara rẹ̀ nínú ilé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ben.

Iṣẹ́ aránṣọ ni Clara, ìyá rẹ̀, fi ń gbọ́ bùkátà, àwọn ọmọ náà sì ní láti wá nǹkan ṣe. Ben ń ta ìwé ìròyìn ní ibùdókọ̀ ojú irin. Títí ó fi dàgbà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í tètè fọkàn tán èèyàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ló so ìwà yìí mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn lọ́dún náà.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún 11, ó gbọ́ pé owó wà nínú ríru àpò gọ́ọ̀fù ju títa ìwé ìròyìn lọ. Ó gba pápá Glen Garden lọ ní Fort Worth. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn gọ́ọ̀fù o, owó ló ń wá. Àwọn ọmọ tó ti wà níbẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní láti jà kí wọ́n tó gbà á mọ́ra. Ibẹ̀ ló ti bá ọmọkùnrin mìíràn pàdé tí wọ́n jọ bí lọ́dún kan náà, Byron Nelson. Ní ìgbà Kérésìmesì ọdún 1927, wọ́n ṣe ìdíje fún àwọn káádì. Ben àti Byron gbá a dọ́gba. Wọ́n ní kí wọ́n tún un gbá, Byron sì fi ìgbá ẹyọ kan ṣoṣo gba ipò kìíní. Nínú gọ́ọ̀fù, ẹni tó bá fi ìgbá tó kéré jù gbá bọ́ọ̀lù sínú gbogbo ihò ló borí. Lẹ́yìn náà, àwọn aláṣẹ Glen Garden sọ Byron di ọmọ ẹgbẹ́ tó lè máa gbá lórí pápá náà. Ben wá pápá mìíràn lọ.

Ó fi ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ láìparí. Ní ọdún 1930, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó kéde pé gọ́ọ̀fù ni òun yóò máa fi jẹun. Ẹ rántí pé ìgbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dẹnu kọlẹ̀ pátápátá nìyẹn. Ó jáde lọ díje, owó tán lọ́wọ́ rẹ̀, ó padà sílé. Ó tún jáde, owó tún tán. Ní ọdún 1935, ó gbé Valerie Fox níyàwó, àwọn méjèèjì sì jọ ń wakọ̀ láti ìdíje kan dé òmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1938, nílùú Oakland, owó ọwọ́ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ben jáde lọ síbi tó gbé ọkọ̀ sí láàárọ̀, ó bá a lórí òkúta. Olè ti tú táyà ẹ̀yìn lọ. Ó wá ọ̀nà dé pápá ṣáá, ó sì gba ẹ̀bùn owó tó gbé wọn dé ibi ìdíje tó kàn.

Kí ló ń dá a dúró fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn? Ibí yìí ni Bàbá ti tẹ ọ̀pá wọn mọ́lẹ̀ pé kí n fetí sílẹ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀lù Hogan ń yí sí òsì. Húùkù ni àwọn onígọ́ọ̀fù ń pè é. Fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá, bọ́ọ̀lù tó bá yí sí òsì bẹ́ẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀, ó máa ń sáré, kì í sì í dúró. Bó bá ti bọ́ sílẹ̀, inú igbó tàbí inú omi ló ń lọ. Hogan lè gbá ihò 16 dáadáa, kí húùkù kan ṣoṣo ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ní ihò 17. Ọ̀rọ̀ náà burú débi pé kì í ṣe pé kò mọ gọ́ọ̀fù, àmọ́ kò lè gbẹ́kẹ̀ lé ọwọ́ ara rẹ̀.

Kò sí olùkọ́ tó lówó láti gbà. Ohun tó ṣe ni pé ó ń gbá bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ó ń yí ohun kékeré kan padà lónìí, ó ń wo ohun tó tìdí rẹ̀ yọ, ó ń yí òmíràn lọ́la. Ó ń ṣe ìdánrawò ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, tó fi jẹ́ pé awọ ọwọ́ rẹ̀ ń bó. Díẹ̀díẹ̀, ó ń yí bó ṣe ń di ọ̀pá mú padà: ó dín agbára ọwọ́ méjèèjì kù lórí ọ̀pá, ó yí ọwọ́ òsì sí apá òsì, kí ojú ọ̀pá má baà tètè pa dé nígbà tó bá kan bọ́ọ̀lù. Ní oṣù kẹta ọdún 1940, ó gba ìdíje North and South ní Pinehurst. Ọdún kẹwàá tó ti ń fi gọ́ọ̀fù jẹun nìyẹn, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tó dá gba ìdíje kankan. Kí oṣù náà tó parí, ó ti gba méjì mìíràn lé e. Ní ọdún 1940, 1941 àti 1942, òun ló pa owó jù nínú gbogbo àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní Amẹ́ríkà.

Ogun àgbáyé kejì gbà á lọ sí iṣẹ́ ológun òfuurufú. Nígbà tó dé, ó tún ṣe àtúnṣe mìíràn sí húùkù náà, ìyẹn sì ni àwọn èèyàn ń pè ní àṣírí Hogan. Ó gba ìdíje PGA ní 1946, ó tún un gbà ní 1948, ó sì gba U.S. Open lọ́dún 1948 yẹn kan náà. Ó wá dà bí ẹni pé ìyà ti tán.

Ní ọjọ́ 2, oṣù kejì, ọdún 1949, òun àti Valerie ń wakọ̀ padà sílé láti Phoenix. Kùrukùru bo ojú ọ̀nà nítòsí Van Horn, ní Texas. Bọ́ọ̀sì akérò kan fẹ́ ya ọkọ̀ akẹ́rù sílẹ̀ lórí afárá tóóró, ó sì wá kọjú sí wọn gan-an. Nígbà tí Hogan rí i pé kò síbi tí òun lè yà sí, ó fi ara rẹ̀ bo ìyàwó rẹ̀. Ohun tó ṣe láti gba Valerie là ló gba òun náà là, torí pé irin tó di ìdarí ọkọ̀ mú wọlé, ó sì gún ìjókòó níbi tí àyà rẹ̀ ìbá wà. Síbẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́ lójú méjì, egungun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká ṣẹ́, ọrùn ẹsẹ̀ òsì ṣẹ́, egungun ìhà náà fara pa.

Ní ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ tó dì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ẹsẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà Alton Ochsner wá láti New Orleans, ó sì ṣe iṣẹ́ abẹ, ó so iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ẹsẹ̀ padà sí ọkàn pa. Iṣẹ́ abẹ náà gba ẹ̀mí rẹ̀ là, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹ̀jẹ̀ kì í rìn dáadáa ní ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́. Bó bá rìn púpọ̀, ẹsẹ̀ á wú, á sì máa ro ó. Nǹkan bí oṣù méjì ló lò kó tó jáde nílé ìwòsàn. Àwọn dókítà kò dá a lójú pé yóò tún lè rìn dáadáa, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti gọ́ọ̀fù.

Mo rí i tí Bàbá fọwọ́ kan orúnkún wọn níbi tí wọ́n sọ̀rọ̀ dé yìí. Mọ́tò ló ṣe wọ́n náà, ní ọ̀nà Jẹ́bà, ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Wọ́n ní nínú oṣù tí wọ́n fi wà lórí ẹní, ìtàn ọkùnrin yìí ni wọ́n ń rò. Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Hogan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí pálọ̀ rẹ̀ ká. Ó kúrò ní pálọ̀, ó bọ́ sí àdúgbò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1950, ó lọ sí ìdíje Los Angeles, òun àti Sam Snead gbá a dọ́gba, Snead sì borí nígbà tí wọ́n tún un gbá. Ní oṣù kẹfà, U.S. Open dé, ní pápá Merion, ní Pennsylvania. Lásìkò náà, ihò 36 ni wọ́n máa ń gbá lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ìyẹn ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ń gbá lọ́jọ́ yòókù. Ó fi báńdéèjì di ẹsẹ̀ méjèèjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbé e mọ́. Ní ihò tó kẹ́yìn, ó fi ọ̀pá irin kìíní, èyí tó le jù láti fi gbá, gbé bọ́ọ̀lù sórí koríko rírẹ́ tí ihò wà. Hy Peskin ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀yìn lásìkò náà, fọ́tò yẹn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù nínú gbogbo fọ́tò gọ́ọ̀fù. Ó dọ́gba pẹ̀lú Lloyd Mangrum àti George Fazio. Wọ́n tún un gbá lọ́jọ́ kejì: Hogan 69, Mangrum 73, Fazio 75. Oṣù 16 péré ló ti kọjá lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, kò lè díje púpọ̀ lọ́dún mọ́, torí náà ó ń yan èyí tó fẹ́. Ní ọdún 1951, ó gba Masters àti U.S. Open. Ní ọdún 1953, ìdíje mẹ́fà péré ló lọ, ó sì gba márùn-ún. Ó gba Masters, ó gba U.S. Open ní Oakmont, ó sì wọkọ̀ lọ sí Carnoustie ní Scotland fún The Open. Kò dé ibẹ̀ rí, kò sì tún lọ mọ́ lẹ́yìn ọdún náà. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń lò níbẹ̀ kéré ju ti Amẹ́ríkà lọ, ilẹ̀ rẹ̀ le, afẹ́fẹ́ rẹ̀ tutù. Ó tètè dé kó lè kọ́ pápá náà. Ó gbá 73, ó gbá 71, ó gbá 70, ó wá gbá 68. Ojoojúmọ́ ló ń dín in kù. Nígbà tó padà sí New York, wọ́n tò sí ojú títì Broadway láti kí i káàbọ̀ bí ẹni tó ti ogun dé. Ìdíje ńlá mẹ́sàn-án ló gbà láyé rẹ̀, mẹ́fà nínú wọn sì jẹ́ lẹ́yìn ìjàǹbá.

Ìwé wá dé. Hogan ti kọ ìwé kan rí, Power Golf, ní 1948. Ní ọdún 1955, ìwé ìròyìn Life sanwó fún un kó lè tú àṣírí rẹ̀. Àmọ́ ìwé tí ó pẹ́ títí ni èyí tó wà lọ́wọ́ Bàbá. Apá márùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde nínú Sports Illustrated ní ọdún 1957. Herbert Warren Wind bá a kọ ọ́, Anthony Ravielli, tó mọ ìtò egungun àti iṣan ara dáadáa, sì ya àwọn àwòrán rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kìíní dá lórí bí a ṣe ń di ọ̀pá mú. Èkejì dá lórí ìdúró. Ẹ̀kẹta sọ bí a ṣe ń gbé ọ̀pá sẹ́yìn. Ibẹ̀ ló ti ní kí òǹkàwé fojú inú wo gíláàsì fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kan tó fì láti èjìká rẹ̀ sọ́dọ̀ bọ́ọ̀lù, kó má sì jẹ́ kí ọ̀pá rẹ̀ la gíláàsì náà. Ẹ̀kẹrin sọ bí ìbàdí ṣe gbọ́dọ̀ ṣáájú ọwọ́ padà wá sọ́dọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀karùn-ún kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ìgbàgbọ́ Hogan ni pé ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ dá, tó bá fi sùúrù kọ́ ohun márùn-ún yìí, lè gbá ihò 18 láìpé ìgbá 80.

Nígbà tí Bàbá sọ ìtàn débẹ̀, wọ́n ṣí ìwé náà sí ojú ewé àwòrán ọwọ́. Wọ́n fi hàn mí pé ibi tí àtàńpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ti pàdé ní ọwọ́ ọ̀tún dojú kọ àgbọ̀n, ti ọwọ́ òsì sì dojú kọ ojú ọ̀tún. Wọ́n bi mí pé kí ni ìdìmú yìí wà fún. Ìgbà náà ni ó yé mi. Ìdìmú ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ ń yí sí òsì ni. Hogan lo ọ̀pọ̀ ọdún láti lé bọ́ọ̀lù kúrò lápá òsì, ó rí ohun tó ṣiṣẹ́ fún un, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ tọkàntọkàn. Èmi, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù, apá ọ̀tún ni bọ́ọ̀lù tèmi ń lọ láti ilẹ̀. Mo wá mú oògùn òsì kún àìsàn ọ̀tún. Ńṣe ni mo gbé awò ojú ẹlòmíràn wọ̀, tí mo wá ń bínú sí títì pé kò hàn kedere.

Hogan kò purọ́ fún mi. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ẹni tó ń kọ́ni nínú ìwé máa ń sọ̀rọ̀ sí ìṣòro tó ti bá a jà. Ohun tí kò fún un ní wàhálà, ó lè má rántí mẹ́nu bà á. Bí o kò bá mọ ohun tó bá a jà, o kò ní mọ ojú ewé tó jẹ́ ti gbogbo ayé àti èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo àwọn ìwé gọ́ọ̀fù àtijọ́ yòókù bẹ́ẹ̀. Harry Vardon, ẹni tó gba The Open lẹ́ẹ̀mẹfà, kọ The Complete Golfer ní 1905. Àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ bá a fínra nígbà ayé rẹ̀, ìdìmú tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò títí di òní, títí kan Hogan. Ernest Jones pàdánù ẹsẹ̀ kan nínú ogun àgbáyé kìíní. Nígbà tó rí i pé òun ṣì lè gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹsẹ̀ kan, ó parí èrò sí pé orí ọ̀pá tó ń fì ni kókó, kì í ṣe ẹsẹ̀ tàbí ìbàdí. Swing the Clubhead ni ó pe ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1952. Ẹ wò ó: Hogan ní ìbàdí ni, Jones ní ìbàdí kọ́, àwọn méjèèjì sì ń sọ òótọ́ ara wọn. Ogun náà gba ìríran ojú kan lọ́wọ́ Tommy Armour. Ìwé tirẹ̀, tó jáde ní 1953, tẹnu mọ́ ọn pé kí èèyàn mọ ohun tí agbára rẹ̀ ká. Harvey Penick, tí òun náà bẹ̀rẹ̀ bíi káádì ní Texas, lo ọ̀pọ̀ ọdún ní kíkọ́ ọmọdé àti àgbà, ó ń kọ ohun tó rí sínú ìwé pupa kékeré kan. Ìwé náà kò jáde fún aráyé títí di 1992, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Torí pé ara ẹlòmíràn ló fi ọdún rẹ̀ wò, ìwé rẹ̀ ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ka ẹyọ kan péré, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ka méjì, ẹ wá sọ́dọ̀ Hogan, ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn ayé rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ ó bi mí pé kí ló kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa nínú ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan tí n kò sọ rí. Ní ọdún kejì mi, mo féèlì kọ́ọ̀sì kan. Kì í ṣe pé n kò kàwé. Mo gba jótà ẹ̀gbọ́n kan tó gba A nínú kọ́ọ̀sì náà, mo sì há a sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí ìdánwò dé, mo rí i pé ìpìlẹ̀ kọ́ọ̀sì náà kò sí nínú jótà yẹn rárá. Mo bínú sí ẹ̀gbọ́n náà nígbà náà, mo rò pé ó fi nǹkan pamọ́ fún mi. Nígbà tí Bàbá sọ ìtàn Hogan fún mi tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà kọ ohun tó le fún un sílẹ̀. Ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló fẹ́ kọ ọ́ fún? Ohun tó rọrùn fún un yẹn gan-an ló le fún mi. Jótà rẹ̀ dára. Ara rẹ̀ ló kọ ọ́ fún.

Èyí kò ní ká má ka ìwé ẹlòmíràn o. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Hogan fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá wá ohun tí èmi fi ọ̀sẹ̀ kan kà ní Ṣàngó. Oore ńlá nìyẹn, pàápàá láti ọwọ́ ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀, tí ọ̀pọ̀ rò pé yóò gbé ohun tó mọ̀ lọ sí ọ̀run. Ó kú ní ọjọ́ 25, oṣù keje, ọdún 1997, ní Fort Worth, ìlú tó ti ta ìwé ìròyìn nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí tí ìwé rẹ̀ ti wà lọ́jà, wọ́n sì ṣì ń rà á.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí mo ń wí yìí, Bàbá ní kí n di ọ̀pá mú. Wọ́n fi ìka wọn ti ọwọ́ mi méjèèjì sí apá ọ̀tún díẹ̀, kò ju bí ìbú ìka kan lọ. Wọ́n ní kí n fi gbogbo ohun yòókù sílẹ̀ bó ṣe wà nínú ìwé, ìdúró, gíláàsì àti ìbàdí. Lọ́jọ́ kejì, mo gba ilẹ̀ gbalasa wa lọ. Bọ́ọ̀lù kìíní àti èkejì wọ igbó bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta gbéra, ó gba àárín lọ tààrà, ó bọ́ sílẹ̀ níwájú àwọn ewúrẹ́. Mo sáré lọ sọ fún Bàbá. Wọ́n bi mí bóyá mo ti mú bọ́ọ̀lù náà bọ̀. Mo ti fi í síbẹ̀.

Mo tún kọ́ọ̀sì náà ṣe, mo sì yege. Jótà ẹ̀gbọ́n yẹn ni mo tún kà, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí mo kọ́kọ́ lọ bá a, mo bi í pé kí ló mọ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó wọ kíláàsì náà.